Bọ́tìnnì tó ń ṣìnà: bí mo ṣe tún un ṣe

FSR mẹ́rin (ohun pẹlẹbẹ tó ń mọ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó) ni mo tò sábẹ́ bọ́tìnnì rọ́bà kan, kí Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka èsì wọn) lè mọ̀ bóyá ìka ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni tàbí ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, á ní ọ̀tún ni mo tì í sí. Mo pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí.

Àṣé agbára àwọn FSR náà ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n! Mo gbé ìwọ̀n 100 gíráàmù lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi èsì rẹ̀ mú wọn dọ́gba nínú kóòdù. Lẹ́yìn náà, mo yọ iye òsì kúrò nínú ti ọ̀tún, mo fi àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pín in, kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí ìka ń tì í sí. Ó ti gbọ́ràn báyìí, àfi tí ìka bá pẹ́ lórí rẹ̀, iye á máa rọra gòkè.