Bí ẹ ṣe máa gba lẹ́tà ìjẹ́rìí tó lágbára fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í yọ àgbà lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí wọ́n á gba A, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 300 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni wọ́n fẹ́ kọ nípa ẹni tí wọn ò mọ̀? Pé ó gba A? Ìyẹn ti wà nínú èsì yín tẹ́lẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀, ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kí ẹ sì mú ìbéèrè gidi dání, kì í ṣe ẹjọ́ máàkì. Nígbà tí mò ń kọ́ organic kẹ́mísírì, mo lọ béèrè ìdí tí molecule fi ń yí padà nínú SN2, ọ̀kan lára ọ̀nà tí kẹ́míkà ń gbà bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi yà á sórí bébà, wọ́n ní kí n ronú agboòrùn tí atẹ́gùn gbé ìdí rẹ̀ sókè, wọ́n wá na bírò sí mi pé kí èmi náà yà á. Kí n tó jáde, wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ní nǹkan láti kọ.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ lẹ́tà méjì lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n sáyẹ́ǹsì tó kọ́ yín, àti ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ti kálukú yàtọ̀, ẹ wo ìkànnì wọn. Bí yunifásítì yín bá ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ ọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Oṣù karùn-ún ni fọ́ọ̀mù AMCAS, èyí tí wọ́n fi ń béèrè fún àyè ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣí. Láti oṣù kejì ni kí ẹ ti lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n yín lójúkojú: "Ṣé ẹ lè bá mi kọ lẹ́tà tó lágbára?" Ẹ má yọ "tó lágbára" kúrò. Bí wọ́n bá ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ dúpẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ fún wọn ní CV, èsì yín, àròkọ tí ẹ kọ nípa ara yín, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, àti ojú ìwé kan nípa ohun tí ẹ ṣe ní kíláàsì wọn. Ẹ fi fọ́ọ̀mù tí AMCAS fi ń béèrè lẹ́tà kún un, èyí tí Letter ID, ìyẹn nọ́ńbà lẹ́tà náà, wà lórí rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló máa fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. FERPA, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, ṣùgbọ́n ẹ yááfì rẹ̀. Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kà ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, ẹ rán wọn létí. Kì í ṣe àrífín rárá. Ẹ má sì tìtorí lẹ́tà dá fọ́ọ̀mù dúró: AMCAS kì í dúró de lẹ́tà kó tó yẹ èsì yín wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n yín.