Tábìlì Iṣẹ́ Irin Onítáyà tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe: Orí Táyà Ni Owó Mi Bá Lọ

Ohun tí ó mú mi dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí ni pé owó tí mo san fún wẹ́dà kan kò bá ohun tí ó gbé wá fún mi mu rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi ṣe tábìlì irin kan tí ó ní táyà kéékèèké nídìí ẹsẹ̀, tí n ó máa tì káàkiri níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí nínú ọgbà wa ní Ìkòròdú, kí n lè máa gé irin kí n sì máa jó irin lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, kí n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọlé lálẹ́. Páìpù onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3 ni a jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí tábìlì dé, tí mo gbé fáìsì (irin tí a fi ń di ohun tí a ń gé mú) lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo gé ìdí ẹsẹ̀ kan wò, mo fi kálípà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọ̀n ọ́n, kò tilẹ̀ pé mìlímítà 1 àti ààbọ̀. Inú bí mi gan-an, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé ẹni tí kò bá ní kálípà nílé kò ní mọ̀ láéláé pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Mo pinnu pé èmi ni n ó ra irin, èmi náà ni n ó sì jó o. Ọjà Òwòdè Onírin ni mo lọ, kálípà mi sì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ibi tí wọ́n ti gé páìpù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ kí ó mọ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ju ojú kan lọ. Ní ti irin pẹlẹbẹ tí yóò jẹ́ ojú tábìlì, òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbé e lé: mítà kan níbùú lóòró irin tí ó nípọn tó mìlímítà 6 máa ń wọn nǹkan bí kílò 47. Tèmi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ó sì wọn kílò 35, bí ó ti yẹ kí ó rí gan-an. Bí tiyín bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ má ṣe san owó mìlímítà 6.

N kò ní pẹ́ lórí gígé páìpù àti jíjó férémù, nítorí pé ẹni tí ó bá ti jó géètì rí ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sáà fi iná tọ́ igun kọ̀ọ̀kan díẹ̀ ná, kí ẹ na téèpù láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i, kí gígùn méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó jó o pa. Tèmi dọ́gba géérégé, mo sì pe ìyàwó mi kí ó wá wò ó.

Orí táyà ni ìyà ti jẹ mí. Onírọ́bà ni èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ó ní bírékì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ẹni tí ó tà á fún mi sì búra pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé kílò 100. Kò sí ìwọ̀n kankan tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan fi fẹ́gbẹ̀ẹ́ lélẹ̀, tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú bẹ́árìn rẹ̀ tú dànù sórí ìńtálọ́ọ̀kì, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa àgbàdo tó dànù. Nígbà tí mo padà lọ bá ọlọ́jà náà, ó ní òkúta ìńtálọ́ọ̀kì ni ó bà á jẹ́, kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Ìṣirò tí kò sí ẹni tí ó ṣe é fún mi lọ́jà ni mo wá jókòó ṣe fúnra mi. Tábìlì náà nìkan tó kílò 85. Bí a bá ro fáìsì, ẹ̀rọ ìjórin, àwọn irinṣẹ́ tó wà ní pèpéle ìsàlẹ̀ àti irin tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí mọ́ ọn, yóò súnmọ́ 200. Àwọn ènìyàn a máa pín in sí ọ̀nà 4, wọn a ní kílò 50 ni táyà kọ̀ọ̀kan yóò gbé. Irọ́ ni. Ilẹ̀ tiwa kì í tẹ́jú, pàápàá ibi tí wọ́n ti dagun rẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ sí gọ́tà, nítorí náà táyà kan lè gbókè nígbàkigbà kí àwọn 3 yòókù máa gbé gbogbo ẹrù. Ọ̀nà 3 ni kí ẹ pín in sí, ìyẹn nǹkan bí kílò 67, kí ẹ sì tún fi àyè sílẹ̀ lé e. Ẹ tún rántí ẹ̀ta iná: ibikíbi tí ẹ̀ta bá já lé ara rọ́bà nígbà tí a bá ń jórin ni ó ń jó ihò sí. Táyà irin gbáko, ìwọ̀n ínǹṣì 5, tí wọ́n tẹ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sára, ni mo padà rà. Ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí òkúta, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi ojú tábìlì, ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tí ó ṣe é.

Síbẹ̀, bírékì ara táyà tuntun yìí kò dá tábìlì dúró. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan ká nílẹ̀, mo tẹ gbogbo bírékì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ha irin. Kí n tó ha ẹ̀gbẹ́ kan tán, táyà méjì ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀kì wọn. Bírékì tí wọ́n ń tà fún wa mú táyà kí ó má yí, ṣùgbọ́n kò mú ọrùn irin tí ó gbé táyà dúró, nítorí náà ọrùn yẹn ń yí sọ́tùn-ún sósì, tábìlì sì ń bá a lọ. Èyí tí ó ń mú méjèèjì pọ̀ wà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn ni ó ní òun kò rí i rí.

Ohun tí mo ṣe, tí inú mi dùn sí jùlọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ni pé mo jó nọ́ọ̀tì M16 (ti bọ́ọ̀tì tí ó nípọn tó mìlímítà 16) mọ́ ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì fi bọ́ọ̀tì gígùn tí mo jó irin pẹlẹbẹ sí nídìí kọ́ ọ. Bí mo bá fi sípánà 24 yí i lẹ́ẹ̀kan po, mìlímítà 2 ni ó ń gùn sí i. Díẹ̀ báyìí, gbogbo táyà ti kúrò nílẹ̀, tábìlì á sì dúró digbí, dagun ilẹ̀ kò sì tún ṣe nǹkan kan mọ́ nítorí pé mo ń fi bọ́ọ̀tì tún un ṣe. Nọ́ọ̀tì dúdú ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, nítorí pé èéfín síǹkì a máa dá ibà síni lára. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jó o, kí ojú ìdè rẹ̀ má bàa ká.

Bí mo bá tún máa ṣe òmíràn, táyà ni n ó kọ́kọ́ rà kí n tó gé páìpù kankan, nítorí pé gíga rẹ̀ ni a ó yọ kúrò nínú gíga ẹsẹ̀. Ẹ má kun ojú tábìlì lọ́dà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó máa so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin mọ́. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ máa fi nù ún kí ó má bàa dípẹtà. Fáìsì náà, ẹ dè é sí igun tí ó wà lórí ẹsẹ̀ gan-an, kí agbára òòlù lè gba inú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀.