Bí mo ṣe mú kí iná yéé ṣẹ́jú nínú fídíò mi
Fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń yà n'Íbàdàn kí n tó fi kámẹ́rà Canon mi gba iṣẹ́ fídíò. Àkọ́kọ́ dójú tì mí: ìlà dúdú ń rìn kọjá lójú ìyàwó, bíi pé iná gbọ̀ngàn ń ṣẹ́jú. Mo bá lẹ́ǹsì jà títí. Lẹ́ǹsì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àṣé NTSC, ètò fídíò fún ibi tí iná wọn jẹ́ 60 Hz, ni kámẹ́rà wà: 30 fps (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ 1/60 ìṣẹ́jú àáyá. Iná tiwa, 50 Hz ni: ìgbà 50 ló ń yípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń mọ́lẹ̀ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 100 ló ń mọ́lẹ̀ tó ń rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo yí kámẹ́rà sí PAL, ètò fún ibi tí iná jẹ́ 50 Hz, 25 fps, ṣọ́tà 1/50, kó lè bá iná wa mu. Ìlà pòórá.

Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn, ẹ kọ́kọ́ dán an wò o. Òun kì í fìgbà gbogbo dúró sí 50.