Tí Dókítà Bá Ní Ẹ Máa Ṣe Ablation Ọkàn: Ìtọ́sọ́nà fún Aláìsàn àti Ará Ilé

Ọkàn ní iná mànàmáná tirẹ̀. Láti ibi kékeré kan lókè ọkàn, lápá ọ̀tún, ni iná yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń mú kí ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ lù tó ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí iná náà bá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èémí á kúrú, òòyì á máa kọ́ni. Nínú ablation, dókítà á wá ibi tí iná ti ń ṣìnà, á sì fi ooru tàbí òtútù dá àpá kékeré sí i. Iná kì í gba ojú àpá kọjá.

Wọn kì í la àyà. Ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n ti ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, tí á sì gba inú iṣan dé ọkàn.

Kí ọjọ́ tó pé

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ fún dókítà, títí kan egbòogi, nítorí pé àwọn kan nínú wọn máa ń bá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jà. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ kò ní jẹun fún wákàtí 6 ó kéré tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ béèrè bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ewu wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn sínú àpò tó yí ọkàn ká, rọpárọsẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, ọ̀nà iná tó dára sì lè bàjẹ́ débi pé wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù sí aláìsàn láyà. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Lórí bẹ́ẹ̀dì

Wọ́n lè fún yín ní oògùn oorun pátápátá, tàbí èyí tí á kàn mú ara rọ̀. Bí ẹ bá lajú sílẹ̀, ẹ má fòyà tí àyà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì: dókítà ló mọ̀ọ́mọ̀ ń jí i, kó lè rí ibi tó ti ń ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà lè gba wákàtí kan, ó sì lè tó mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí mélòó kan láìká ẹsẹ̀ kò.

Nílé

Ibí gan-an ló yẹ kí ará ilé ti lajú. Kí ojú itan dúdú, kí ó sì wú díẹ̀, kò burú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá dá, ilé ìwòsàn ló kàn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má gbé àpò tàbí korobá omi tó kún. Ẹni tó ń lo àdá tàbí ọkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ọgbẹ́ kékeré á ṣẹ̀jẹ̀ pẹ́. Bí àyà bá tilẹ̀ ti rọlẹ̀, dókítà nìkan ló lè ní kí ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀.

Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, àyà ṣì lè máa fò. Ojú àpá ló ń jinná. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Fún irú àìsàn yìí tí wọ́n ń pè ní SVT, níbi tí ọkàn ti ń ṣàdédé sáré láti apá òkè rẹ̀, ó lé ní ènìyàn 9 nínú 10 tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ní AF, níbi tí apá òkè ọkàn ti ń gbọ̀n tí lílù rẹ̀ kò sì létò, máa ń nílò ablation ẹlẹ́ẹ̀kejì nígbà míì.

Ohun kan wà tó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ tó ń pani, lẹ́yìn ablation AF: ihò lè lu láàárín ọkàn àti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn. Bí ara bá gbóná, bí oúnjẹ kò bá lọ lọ́fun geere, bí àyà bá ń dunni tàbí apá kan ara bá rọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má pè é ní ibà lásán. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ti ṣe ablation, kí wọ́n má lọ ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ yín lọ́fun kí wọ́n tó ya àwòrán àyà.