Bí a ṣe ń tọ́jú adìyẹ Silkie lásìkò ọyẹ́ ní Iléṣà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan adìyẹ Silkie lè rò pé òtútù kò lè ràn án, nítorí ìyẹ́ tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ rọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Èrò yìí ti pa ọ̀pọ̀ wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀ ní àwọn ìkọ́ wínníwínní tó dè é mọ́ra, tí omi òjò fi ń yọ̀ dànù lórí rẹ̀. Ìyẹ́ Silkie kò ní ìkọ́ yìí, nítorí náà bí omi bá kàn án, ṣe ló máa ń fà á mu títí yóò fi kan awọ dúdú tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ti sin òpìpì rí mọ bí ìyẹ́ tí kò péye ṣe ń fi ìyà jẹ adìyẹ lóru. Bí ara Silkie tó ti dàgbà bá gbẹ, ó lè fara da òtútù tó ju ti Iléṣà lọ, àní wọ́n ń sìn ín ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá rin, òru ọyẹ́ kan ṣoṣo tó láti dá a dùbúlẹ̀. Ara gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún un, kí ẹ tó máa ronú nípa iná.

Ọyẹ́ sábà máa ń dé bá wa láàárín ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá, ó sì lè wà títí di oṣù Kejì. Láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ìhà yẹn ni kí ẹ ti dí ilé wọn, láti ilẹ̀ títí kọjá orí adìyẹ tó bá dúró. Ẹ má ṣe dí àyè tó wà lábẹ́ páànù. Wáyà nìkan ni kí ẹ ta sí i. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo sìn wọ́n, mo fi tapólì bo gbogbo ilé náà láti òkè délẹ̀, mo sì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, omi ń kán láti abẹ́ páànù, òórùn ìgbẹ́ wọn ń ta mí lójú, ìyẹ́ orí wọn sì ti rin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, 3 nínú 8 ti kú. Èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn ló ń mú omi yẹn wá; bí kò bá rí ọ̀nà gba òkè jáde, ara wọn ni yóò padà sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Silkie kò lè fò, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gun igi ìsùn. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kó jọ sí bí ọmọdé lórí ẹní kan. Ẹ tẹ́ èérún pákó gbígbẹ láti sọ́ọ̀mìlì, kí ó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ má sì mú èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun, torí eruku ọyẹ́ ti tó ojú àti imú wọn. Ẹ máa bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀: bí ó bá dì mọ́ra, ẹ kó o dànù. Abọ́ omi fífẹ̀ kò dára fún wọn, nítorí irùngbọ̀n wọn yóò máa bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ lo èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àgógó nìkan yóò fi wọ ibẹ̀. Ẹ gé ìyẹ́ tó bo ojú wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àgbàdo díẹ̀ kún oúnjẹ wọn, nítorí bí ó ti ń dà nínú wọn lóru ni yóò máa mú ara wọn móoru.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Silkie ni ọ̀rọ̀ náà bá mu jù lọ, torí ó lè rù kan eegun kí ojú má rí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ àyà rẹ̀: bí eegun àyà bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, àìsàn tàbí ebi wà níbẹ̀.

Àrùn adìyẹ tí à ń pè ní lúkúlúkú kò ní oògùn tó ń wò ó, ọyẹ́ sì ni àsìkò tó máa ń jà jù lọ. Ẹ ti fún wọn ní Lasota, àjẹsára tó ń dènà rẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé. Inú omi mímu ni a máa ń pò ó sí. Ẹ má ṣe lo omi ẹ̀rọ tí a fi oògùn apakòkòrò sí, torí yóò ba àjẹsára náà jẹ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan tàbí méjì. Adìyẹ tí ẹ bá rà fún Kérésìmesì ní ọjà Àtàkúmọ̀sà tàbí níbikíbi, ẹ so ó jìnnà sí wọn.

Ti àwọn ọmọ yàtọ̀: iná ṣe kókó fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32°C sí 35°C ló yẹ wọ́n, kí ó sì máa fi nǹkan bí 3°C dínkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá kó jọ gègèrè, òtútù ń mú wọn; bí wọ́n bá sá fún iná, ooru ti pọ̀ jù. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹ sì fẹ́ lo èédú, ẹ jẹ́ kí ó pọ́n dáadáa níta kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì ṣí fèrèsé òkè sílẹ̀, nítorí èédú tó ti pọ́n pàápàá ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn jáde. Èyí tó dára jù ni kí ìyá wọn ràdọ̀ bò wọ́n, Silkie sì fẹ́ràn láti sàba ju ọ̀pọ̀ adìyẹ lọ.

Bí àgbà kan bá rin, ẹ fi aṣọ ìnura nù ún, kí ẹ gbé e sínú páálí nínú ilé. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ya ìyẹ́ àyà rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan awọ dúdú náà. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sun inú ilé di ọjọ́ kejì.