Bí Mo Ṣe Fi Áàpù Mú Àwọn Ará Ọ́fíìsì Wa Rìn ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Lágere, àwa mọ́kànlá la sì máa ń jókòó síbẹ̀ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa wá, òun náà ló sì ń gbé wa padà. Nígbà tí dókítà sọ fún méjì nínú wa láàárín oṣù kan ṣoṣo pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, mo bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi áàpù tó ń ka ìṣísẹ̀ dán ìrìn wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì gbà.

Google Fit ni mo yàn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè ju fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lọ. Mo fi sórí fóònù oníkálukú, mo sì gbà á láyè láti máa ka ìrìn. Iṣẹ́ àárọ̀ kan péré nìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mo gbé ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lójúmọ́ ka iwájú gbogbo wa, mo sì ń to orúkọ wa sórí WhatsApp ní alaalẹ́, láti orí ẹni tó rìn jù dé orí ẹni tó rìn kéré jù. Màmá tó ń gba owó, tí wọ́n dàgbà jù wá lọ, ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ kẹrin, wọn kò ṣí áàpù náà mọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, nítorí pé kò yẹ kí n fi àgbà ṣe ẹni ìkẹyìn lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé Màmá ń rìn dáadáa. Ohun kékeré kan wà nínú fóònù tó ń mọ bí ara ṣe ń mì nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kanlẹ̀, ìmì yìí ni áàpù sì ń sọ di ìṣísẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró àti bùbá kò ní àpò, orí tábìlì ni fóònù Màmá ń wà nígbà tí àwọn fúnra wọn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n rán àpò kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Iye wọn, tí kì í kọjá 1,800 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, wọ 4,000 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Mo wádìí ibi tí ẹgbàárùn-ún yẹn ti wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ṣe ẹ̀rọ kan jáde ní ọdún 1965, wọ́n sì pè é ní manpo-kei, èyí tó túmọ̀ sí òǹka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, kì í ṣe àṣẹ dókítà. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń sọ fún àgbàlagbà ni pé kí ó máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, irú ìrìn tó yá tí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Ìyẹn tó nǹkan bí 100 ìṣísẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà mo pa àtòjọ orúkọ rẹ́. Oníkálukú fi iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe òdiwọ̀n ara rẹ̀, ó sì ń fi 500 kún un lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Mayfair láàárọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì. Àwa yòókù ń rìn lọ sí Ẹnuwá lẹ́yìn iṣẹ́, àfi bí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwa mẹ́sàn-án ṣì ń rìn. Bí agogo mẹ́rin bá ti lù, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ dìde, tí wọ́n á so àpò wọn mọ́ ìbàdí, tí wọ́n á sì pè wá pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti mú fóònù yín dání?”