Èrò òdì tó ń gbọ́n owó lápò ẹni tó ń ta poker

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Texas Hold'em lẹ ń ta, ìyẹn oríṣi poker tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba káàdì méjì, tí márùn-ún sì máa ń wà fún gbogbo yín lórí tábìlì. Ace méjì wà lọ́wọ́ yín, King méjì wà lọ́wọ́ ẹni kejì, ẹ̀yin méjèèjì sì ti kó gbogbo owó yín sáàárín kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan sórí tábìlì. Káàdì karùn-ún, ìyẹn river, ló gbé King kẹta jáde, King mẹ́ta sì borí Ace méjì. Owó lọ. Kí lẹ ṣe tí kò dáa? Kò sí. Tí ẹ bá ta irú eré yìí nígbà 100, ẹ ó jẹ nǹkan bíi 82 níbẹ̀, ẹni kejì á jẹ èyí tó kù. Ọ̀kan nínú tiẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni àṣìṣe. Wọ́n á ní, "Èmi ò tún ní kówó lé Ace méjì mọ́ láé." Bó ṣe parí ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́ ìpinnu tí wọ́n ṣe nígbà tẹ́nì kankan ò tíì mọ bó ṣe máa parí. Annie Duke, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fi poker jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti sọ̀rọ̀ lórí àìsàn yìí títí. "Resulting" lòun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é. Lójú tèmi, ẹni tó jẹ ló wà nínú ewu jù. Ẹni tó kówó lé 7 àti 2 tí àmì wọn ò bára mu, káàdì tí kò dáa rárá, tí 7 méjì wá bọ́ sílẹ̀ fún un lórí flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ orí tábìlì, kò ní bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Á ní ara òun ló sọ fún òun. Á tún ṣe é lọ́la.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ eré yín wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ títí dé ibi tí ẹ ti ṣèpinnu, kí ẹ fi ìyókù pamọ́, kí ẹ wá bi ẹni tó mọ káàdì dáadáa pé kí lòun ì bá ṣe. Ẹ má jẹ́ kó mọ ẹni tó jẹ o. Tó bá ti mọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹnu ẹ̀ máa yí padà.

"Owó mi ti wà níbẹ̀" náà ń pa èèyàn lówó gan-an. Ẹ wò ó. ₦8,000 wà láàárín, 3,000 nínú ẹ̀ ti jáde lápò yín. Ó ku káàdì kan. Heart mẹ́rin lẹ ní, ẹ ń wá ìkarùn-ún tó máa jẹ́ kí ẹ borí. Ẹni kejì wá kó 4,000 tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Heart tó lè gbà yín jẹ́ 9 nínú káàdì 46 tí ẹ ò tíì rí: kò pé 20 nínú 100. 4,000 lẹ fẹ́ fi wá 12,000, tí tiyín bá wọ̀ ọ́ á di 16,000, àǹfààní yín sì gbọ́dọ̀ tó 25 nínú 100 kó tó bójú mu. Ẹ ju káàdì sílẹ̀. Ká ní 2,000 péré ló kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni, 17 nínú 100 ti tó, ẹ bá a lọ. 3,000 yẹn ò lóhùn nínú ìṣirò méjèèjì. Kì í ṣe tiyín mọ́, ti àárín tábìlì ni.

Ẹni tó ń sọ pé "mo ti pàdánù tó, ó ti kàn mí báyìí" kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní August 18, 1913, ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, bọ́ọ̀lù roulette, tẹ́tẹ́ àgbá tó ń yí tó ní ojú pupa àti dúdú, bọ́ sórí dúdú nígbà 26 tẹ̀ léra, àwọn èèyàn sì ń kówó lé pupa ṣáá, wọ́n ní ó ti yẹ kó yí. Káàdì náà kì í rántí àná.

Ìbínú ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, kọ ọ́ síta pé owó tó sọnù máa ń dun èèyàn ju bí iye kan náà tó bá wọlé ṣe máa ń dùn mọ́ ọn lọ. Ibẹ̀ lẹni tó ti ń jókòó jẹ́ẹ́ ti í bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbogbo káàdì tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, tó sì ń dọdẹ ẹni tó gba owó ẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. (Ẹ má fi Phil Hellmuth, gbajúgbajà tó ń ta poker, ṣẹ̀rí fún mi. Òótọ́ ni pé ó máa ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti gba ẹ̀gbà ọwọ́ World Series of Poker 17, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí nínú ìdíje náà. Ariwo kọ́ ló gbà á fún un.) Kí ẹ tó jókòó rárá ni kí ẹ ti dá iye tó bá lọ tí ẹ ó fi dìde, torí ẹni tínú ń bí ò lè bá ara ẹ̀ ṣàdéhùn kankan.

Ó wá ku ẹni tó máa ń ní "irọ́ ló ń pa, mo rí i lójú ẹ̀." Ọkùnrin kan ti ń ju káàdì nù láti ìrọ̀lẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fowó lé tiyín lórí river, two pair lẹ mú dání, ìyẹn káàdì méjì tó bára mu lọ́nà méjì, ẹ sì ti pinnu pé kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ibo lẹ ti rí i? Ohun tó wù yín lẹ ń kà sí i lójú. Ẹ má mú káàdì kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́. Ẹ ka gbogbo èyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè torí ẹ̀ fowó kún owó: mélòó ni tiyín borí níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ ju tiyín sílẹ̀, kódà bí kò bá ní fi tiẹ̀ hàn yín láé.